Àwọn Òwú tí Mo Gé Kúrò Lára Báàgì Ọmọ Mi

Nígbà tí jẹ́sì òtútù kẹta ọmọ mi sọnù láàárín táàmù kan ṣoṣo, ó dá mi lójú pé wọ́n ń jí wọn ni. Èmi tí mo ń rán yunifọ́ọ̀mù fún ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tó ń gbé ní òpópónà wa ní Berea, ní Johannesburg ní South Africa, ọmọ tèmi ló ń fi ṣẹ́ẹ̀tì nìkan lọ sílé ìwé nínú òtútù oṣù kẹfà. Ẹ̀rọ mi kì í hun jẹ́sì. Rírà ni mo máa ń rà á. Bí mo bá sì ti rà á tán, mo máa ń fi abẹ́rẹ́ kọ orúkọ ọmọ mi sí ọrùn rẹ̀ kí olè má baà rí àwáwí wí. Síbẹ̀, wọ́n ń lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà, òun nìkan ni mo sì bí. Ọdún tó ṣáájú ìdìbò ńlá àkọ́kọ́ tí àwọn èèyàn dúdú náà dìbò ni. Àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun nìkan ló ń lọ sí ilé ìwé náà tẹ́lẹ̀, kò sì tíì pẹ́ tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún àwọn ọmọ dúdú. Nínú kíláàsì tiwa, wọn ò ju mẹ́fà lọ. Ohunkóhun tó bá ti ibẹ̀ wá, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò kí n tó wo iwájú rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ìwé sí mi pé ọmọ mi gbàgbé iṣẹ́ àṣetiléwá, mo máa ń bi ara mi léèrè pé ṣé òun nìkan ló gbàgbé. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín sí mi lẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń fẹ́ mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Mo gbéra lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan láti lọ bèèrè àwọn jẹ́sì mi. Tíṣà ọmọ mi jẹ́ obìnrin aláwọ̀ funfun kan tó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún. Irun rẹ̀ kúrú bíi ti ọkùnrin, ẹfun ìkọ̀wé sì kún ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀. Mo ti kó gbogbo ọ̀rọ̀ ìjà mi jọ látojú ọ̀nà. Kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán tó fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó fa páálí ńlá kan jáde lábẹ́ tábìlì rẹ̀. Jẹ́sì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀, pẹ̀lú ike oúnjẹ méjì, ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ kan, rúlà, àti ìwé ìṣirò tí ọmọ mi búra fún mi pé òun ti fi sílẹ̀ fún wọn láti máàkì.

Ó ní, “Ibi tó bá bọ́ nǹkan sí ló ń fi í sílẹ̀ sí. Mo ń bá a kó wọn jọ.”

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi dá wọn padà fún un. Ó ní òun ti dá wọn padà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, “Ìyá, ọmọ yín kì í ṣe ọmọ burúkú, kì í sì í ṣe olódo. Bí mo bá sọ nǹkan mẹ́ta fún un, bó bá ti gbọ́ àkọ́kọ́, ó ti bá a lọ nìyẹn kí n tó sọ ìkejì. Ẹ jẹ́ kó máa dúró tì mí fún wákàtí kan ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. A ó jọ wá bí yóò ṣe máa tọ́jú nǹkan rẹ̀.”

“Èló ni?”

“Ẹ ò ní san nǹkan kan.”

Ọ̀fẹ́ yẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ká ní ó dárúkọ iye kan ni, ǹ bá bá a nájà, ọkàn mi ì bá sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbà, nítorí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé láràárọ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ ni ọmọ mi á di inú mú pé inú ń run òun. Lọ́jọ́ ìdánwò, ó lè bì. Ó ti jẹ èékánná ọwọ́ rẹ̀ tán títí dé ẹran. Mo kọ́kọ́ fura sí òun náà, nítorí mo ṣàkíyèsí pé inú náà kì í run ún ní Sátidé. Mo na ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì lórí inú rírun yẹn. Mo ń kọ ọ́ síbí nítorí pé òótọ́ ni.

Obìnrin Ẹ̀gbá kan wà ní àjà karùn-ún tí à ń gbé, tó ń ta bàtà. Ó jù mí lọ, ẹ̀gbọ́n ni mo sì ń pè é. Nígbà tó gbọ́ nípa Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, ó gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀.

“Ìyàwó, jẹ́ n bi ọ́ o. Kí ni òyìnbó fẹ́ fi ọmọ Ìjẹ̀ṣà ṣe lẹ́yìn tí ilé ìwé bá ti pa dé?”

“Ó ní òun fẹ́ ràn án lọ́wọ́ ni, ẹ̀gbọ́n.”

“Ràn án lọ́wọ́ lọ síbo?”

Láti ọjọ́ yẹn, bí ọmọ mi bá ti wọlé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo máa ń yẹ ojú rẹ̀ wò, mo máa ń gbóòórùn irun rẹ̀. Mo máa ń bi í pé, “Kí lẹ ṣe lónìí?” Èdè òyìnbó ló máa ń fi dá mi lóhùn, bó ṣe ń ṣe sí gbogbo ọ̀rọ̀ nígbà náà, pé kò sí nǹkan kan. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ tẹ́lẹ̀ ni o.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo rí àwọn òwú. Ìwé tí wọ́n fún un láti mú wá fún mi ni mo ń wá tí mo fi ṣí báàgì rẹ̀. Òwú tí wọ́n fi ń hun jẹ́sì ni. Pupa wà lára sípù àpò kékeré, yẹ́lò wà lára ìwé ìṣirò, búlúù wà lára ike oúnjẹ, aláwọ̀ ewé sì wà lára àpò pẹ́ńsù. Gbogbo wọn ni wọ́n ta ní kókó, wọn ò sì ta wọ́n lọ́gbọọgba. Òmíràn ní kókó kan, òmíràn méjì, ti ike oúnjẹ ní mẹ́ta. Ọwọ́ ẹni tó ta wọ́n kò yá rárá. Ó fún wọn pinpin.

Mo pè é. “Kí nìyí?”

Ó já báàgì gbà lọ́wọ́ mi. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi rí. “Mọ́mì, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n. Àṣírí èmi àti Máàmù ni.”

Máàmù ni wọ́n ń pe tíṣà wọn. Ọ̀rọ̀ àṣírí yẹn ló dá ìpayà sí mi lára. Láti ilé kéú ni wọ́n ti kọ́ wa ní àdúrà tí a fi ń sá di Ọlọ́run lọ́wọ́ ẹni tó ń ta kókó tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ọmọ mi ti kọ́ àdúrà náà, ó mọ̀ ọ́n sórí, ó sì tún ń gbé kókó kiri nínú báàgì. Mo mú báàgì náà lọ han ẹ̀gbọ́n lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ọmọ ń wẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án. Ẹnu ọ̀nà ló ti wò ó.

“Ẹni tó dì í mọ ohun tó dì síbẹ̀,” ló wí.

Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan tó jìnnà sí Johannesburg, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ló máa ń wálé. Mo fóònù rẹ̀. Ó ní, “Òwú lásán ni. Bi tíṣà náà léèrè.”

Mi ò bi í. Ẹni tó ń fura kì í fẹ́ bèèrè, nítorí ó ti mú ìdáhùn tó wù ú lọ́wọ́, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ọmọ wà ní ilé kéú ní mọ́ṣáláṣí, mo gbé báàgì náà sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Sísọ́ọ̀sì ìgéṣọ mi ni mo lò, èyí tí mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gé bébà. Mo gé wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń ka àdúrà náà bí mo ṣe ń gé wọn. Mo jù wọ́n sínú ihò ìdalẹ̀sí tó wà ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, èyí tó ń gbé pàǹtí lọ sí ìsàlẹ̀ ilé pátápátá. Mo fọ ọwọ́ mi. Ọkàn mi fúyẹ́ débi pé mo dín dòdò fún oúnjẹ alẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé, ọmọ mi ń tú ilé. Ó wo abẹ́ ibùsùn, ó wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ó tú apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìdọ̀tí sílẹ̀.

“Kí lò ń wá?”

“Kò sí nǹkan kan, Mọ́mì.”

Mo mọ ohun tó ń wá. Mo tẹ ẹ̀rọ mi lọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ní ìdánwò ìṣirò. Ó yẹ kó ti dé ní aago mẹ́ta ààbọ̀ lẹ́yìn ìdúró tì tíṣà. Aago mẹ́rin lù, mi ò rí i. Nígbà tó di aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo ti wọ bàtà, mo sì ti ń sáré lọ láàárín àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Mi ò dúró de róbọ́ọ̀tì, iná tó ń darí ọkọ̀. Awakọ̀ takisí kan fọn fèrè mọ́ mi, ó bú mi ní èdè Súlù. Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi: pé obìnrin yẹn ti mọ̀ pé mo gé òwú òun, ó sì ti gbé ọmọ mi lọ.

Tíṣà náà ń ti ilẹ̀kùn kíláàsì rẹ̀ nígbà tí mo dé.

“Níbo ni ọmọ mi wà?”

“Kò wá sọ́dọ̀ mi lónìí. Mo rò pé ẹ ní kó máa bọ̀ wálé ni.”

“Kí lẹ fi ọmọ mi ṣe?”

Mo pariwo. Mo sọ ti kókó, mo sọ ti àṣírí, mo ní kó sọ ohun tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ tó fi ń ṣe ohun tí kò gbowó. Ọkùnrin tó ń nu ilẹ̀ dúró, omi ń kán láti ara ohun ìnulẹ̀ rẹ̀. Ilẹ̀kùn ọ̀fíìsì ọ̀gá ilé ìwé ṣí, ẹnì kan yọjú, ó sì tún tì í. Ojú obìnrin náà pọ́n títí dé ọrùn. Mo rò pé yóò bú mi padà.

Ó ní, “Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá a ná.”

Òun ló rí i. Ọmọ mi wà ní yàrá tí wọ́n ń fi kóòtù kọ́ sí, lẹ́yìn àwọn kóòtù, lórí ilẹ̀. Ó ti da gbogbo inú báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó to wọn lẹ́sẹẹsẹ síwájú ara rẹ̀. Ó ti fi bírò kọ̀wé sí apá rẹ̀, láti ọrùn ọwọ́ títí dé ìgúnpá: ìwé ìṣirò, jẹ́sì, ike oúnjẹ, ìwé fún Mọ́mì. Ó ti fi omijé pa díẹ̀ nínú rẹ̀ rẹ́.

Tíṣà ló wò, kò wò mí. “Máàmù, mo ti sọ wọ́n nù. Mo ti wá gbogbo ibi. Mo sọ àwọn òwú náà nù.”

Kò rí rúlà àti pẹ́ńsù lásìkò, ẹ̀rù bà á, kò kọ nǹkan kan sórí ìwé ìdánwò náà. Nígbà tí agogo lù, ojú tì í láti lọ sọ fún obìnrin tó bá a ta àwọn kókó náà pé òun ti sọ èyí náà nù. Ọjọ́ méjì ló fi ń wá ohun tí mo ti jù sínú ihò ìdalẹ̀sí.

Tíṣà gbójú sókè, ó wò mí. Mo rí i pé ó ti mọ̀. Kò sọ ọ́. Ó kúnlẹ̀ ti ọmọ mi, ó ní, “Òwú ò ṣòro í rí. A ó ta òmíràn lọ́la.”

Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn, mo ń kó ìwé sínú báàgì.

A ń rìn lọ sílé, ọmọ mi di ọwọ́ mi mú, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n má bínú, òun á gbìyànjú sí i. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí a dé ibi róbọ́ọ̀tì tó kángun sí òpópónà wa, iná pupa dá wa dúró, mi ò lè gbé e mọ́.

Mo ní, “Ìwọ kọ́ lo sọ wọ́n nù. Èmi ni mo gé wọn.”

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Iná yí padà, àwọn èèyàn kọjá lára wa, a ò lọ.

“Kí ló dé?” Yorùbá ló fi bi mí.

“Ẹ̀rù ló bà mí.”

“Ẹ̀rù òwú?”

“Ẹ̀rù òwú.”

Mo ń retí pé yóò sunkún tàbí kó bínú. Ó ń ronú, ó ń jẹ ètè rẹ̀. Ó ní, “Ṣé gbogbo wọn lẹ gé?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. “Ṣé pé mi ò sọ nǹkan kan nù lọ́sẹ̀ yìí?”

“O ò sọ nǹkan kan nù.”

Ó tún un sọ fún ara rẹ̀ bí a ṣe ń sọdá títì: òun ò sọ nǹkan kan nù. Mi ò tíì rí ojú rẹ̀ kó rí bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kejì mo tọ tíṣà lọ. Mo tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n mo ní kó ṣàlàyé àwọn kókó náà fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń ṣọ́ ojú rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ní pupa jẹ́ àpò ìwé tó gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ mi. Kókó sì ni ètò bí nǹkan ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn: ohun tó ní kókó kan ni kó kọ́kọ́ mú jáde láàárọ̀, kó tó kan oníkókó méjì. Ọmọ tí etí rẹ̀ kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ tán lè fi ìka ka kókó. Mo bi í nípa àṣírí.

Ó ní, “Mo fẹ́ kó dá a ṣe fúnra rẹ̀. Bí àgbàlagbà bá ti mọ̀, wọ́n á máa bá a ṣe é. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n ti sọ fún yín. Àṣìṣe mi nìyẹn.”

Mo gba èyí gbọ́ dé ìwọ̀n kan. Ibi tí mo gbà á gbọ́ dé nìyẹn nígbà tí ọ̀gá ilé ìwé ránṣẹ́ pè wá, àwa méjèèjì. Ó ti gbọ́ ariwo mi. Fáìlì kan wà níwájú rẹ̀ tó nípọn ju ohun tí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lè ní lọ. Ó fa fọ́ọ̀mù kan yọ, ó ti bírò sí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí n fọwọ́ sí i kí wọ́n lè gbé ọmọ mi lọ sí ilé ìwé mìíràn, ti àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn ń falẹ̀. Ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní á dára fún gbogbo wa.

Nínú gbogbo ìfura tí mo fura, mi ò fura sí ọkùnrin yìí rí. Òun ló máa ń kí mi tọ̀yàyà-tọ̀yàyà lẹ́nu ọ̀nà.

Mo yíjú sí tíṣà. Lọ́tẹ̀ yìí, mo bèèrè. “Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ èyí?”

“Rárá,” ló wí. Ó wo ọ̀gá rẹ̀, ó tún wò mí. “Bí mo bá jẹ́ yín, mi ò ní fọwọ́ sí i.”

Mo ká fọ́ọ̀mù náà, mo fi í sínú àpò mi, mo ní bàbá ọmọ gbọ́dọ̀ kà á. Lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n kọ̀wé bèèrè rẹ̀. Ọkọ mi gba àyè níbi iṣẹ́, ó wá pẹ̀lú ìwé láti ọwọ́ dókítà àwọn ọmọdé kan tó yẹ ọmọ wa wò, tó sọ pé ọpọlọ rẹ̀ pé, àkíyèsí ni kì í dúró sójú kan. Lẹ́yìn ìyẹn, a ò gbọ́ ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù mọ́.

Nílé, èmi náà kọ́ iṣẹ́ tuntun. Mo rán báàgì kan tí inú àpò kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀. Kí a tó jẹun alẹ́ ni báàgì á ti wà lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú jẹ́sì lórí rẹ̀. Mo ṣíwọ́ pípariwo láti ibi ẹ̀rọ. Màá dìde, màá fọwọ́ kàn án léjìká, màá sọ ohun kan ṣoṣo, màá dúró títí yóò fi ṣe é. Bó bá ṣe ìṣirò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á lọ fo okùn ní bálíkónì kó tó padà wá, àwọn ará ìsàlẹ̀ á sì máa fi igi ìgbálẹ̀ lu àjà yàrá wọn. Bó bá ní inú ń run òun láàárọ̀ ìdánwò, mo máa ń bi í pé ìbéèrè wo ló ń bẹ̀rù. Ó máa ń mọ̀ ọ́n. Kò gba ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú, a ti wò ó pa pọ̀, á sì mu ẹ̀kọ rẹ̀. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Àwọn òwúrọ̀ kan wà tí àwa méjèèjì jọ sunkún. Jẹ́sì méjì ṣì sọnù kí ọdún tó parí.

Ó yege, ìṣirò rẹ̀ kù díẹ̀ kó gbé e ṣubú. Nígbà tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n, ó ní, “Òwú náà jẹ́ nígbà náà.” Mi ò mọ̀ bóyá ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni, mi ò sì bi í.

Tíṣà náà fi ilé ìwé sílẹ̀ ní ìparí ọdún. Wọ́n ní ó kó lọ sí etí òkun. Mi ò mọ̀ bóyá ó wù ú láti lọ ni, tàbí ohun tó sọ ní ọ̀fíìsì lọ́jọ́ yẹn ló lé e lọ. Mo bi akọ̀wé ilé ìwé léèrè, ó ní òun ò mọ̀. Ó yára dáhùn jù.

Nígbà tí táàmù tuntun bẹ̀rẹ̀, wọ́n fún ọmọ mi ní tíṣà mìíràn, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń wọ bàtà gíga. Mo wò ó láti bàtà dé irun. Lẹ́yìn náà, mo fa ọ̀kan nínú àwọn àga kékeré ọmọdé yẹn, mo jókòó síwájú rẹ̀, mo ní kó sọ gbogbo ohun tó fẹ́ bá ọmọ mi ṣe fún mi, àti ìdí rẹ̀.